Awò ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rà: ojú rẹ̀ dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbọ̀n

Oṣù mẹ́ta ni mo fi tu owó jọ kí n tó ra awò yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525. Irọ́ ni! Bí ojú awò ṣe fẹ̀ tó ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Mìlímítà 70 ni tèmi. Tó bá ti kọjá bí ìlọ́po 140, bàìbàì ni.

Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n mú iná lọ ládùúgbò wa nítòsí Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́ ṣú dùdù. Mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi ìlọ́po 28 péré wo pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà. Mo rí òṣùpá rẹ̀ ńláńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọn tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, rí ní 1610. Mo pariwo. Màámi sáré jáde, wọ́n rò pé ejò ni. Wọ́n yọjú wò ó, ọwọ́ wọn kan awò, Júpítà sá lọ.

"Èwo lo ní kí n wò?"

Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó gbé e dúró ló fà á, ó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ lékeléke. Mo so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ọn nísàlẹ̀, ó sì dín gbígbọ̀n náà kù díẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé mo tún fẹ́ rà, awò ìràwọ̀ oníjígí tí wọ́n ń pè ní Dobsonian, mìlímítà 130, tó ń jókòó sórí tábìlì ni mo máa rà. Ẹ má fi èyíkéyìí wo oòrùn o, ó ń fọ́ni lójú.

Ọyẹ́ ti dé báyìí, eruku bo ojú ọ̀run. Tèmi ti padà sínú páálí.