Ìtàn Ìfẹ́ Àwọn Amish: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Nínú Lewis, Woodsmall, Byler àti Love Inspired?

Bí ẹ bá to àwọn ìwé ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n kọ nípa àwọn Amish, ìjọ Kristẹni kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé ìgbé ayé àtijọ́, sórí tábìlì, ẹ ó rò pé ìwé kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ ní àtẹ̀túntẹ̀: ọmọbìnrin tó fi ìborí funfun bo irun, pápá àgbàdo lẹ́yìn rẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà lọ́ọ̀ọ́kán. Inú wọn ló yàtọ̀, ó sì yàtọ̀ débi pé ẹni tó fẹ́ràn ọ̀kan lè má lè ka ìkejì dé ìdajì. Mẹ́rin ni mo fi wé ara wọn níhìn-ín fún ẹni tó fẹ́ rà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì fi ṣe òṣùwọ̀n: bí ẹni inú ìtàn náà bá fẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn, kí ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kò ṣeé dáhùn láìmọ díẹ̀ nípa ìjọ náà. Ní 1693 ni Jakob Ammann àti àwọn tó tẹ̀ lé e yapa kúrò lára àwọn onígbàgbọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ní Switzerland àti Alsace, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n sì jà lé lórí ni bí ó ti yẹ kí ìjọ yẹra tó fún ẹni tí wọ́n bá yọ lẹ́gbẹ́. Àwọn Amish kì í ri ọmọ ọwọ́ bọmi. Ẹni tó bá ti bàlágà ni ó ń yàn án fúnra rẹ̀, kí ó tó gbéyàwó tàbí kí ó tó lọ́kọ. Ọ̀dọ́ tí kò tíì ṣe ìrìbọmi lè kúrò láàárín wọn, kí ìyá rẹ̀ sì tún máa bu oúnjẹ fún un nígbà tó bá wá kí wọn nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìrìbọmi, tó wá yẹ̀ ẹ́, wọn kò ní í bá a jẹun lórí tábìlì kan náà mọ́, níbi tí òfin ìjọ bá sì ti le, wọn kò ní í gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwé tí wọ́n ti yọ ọ̀dọ́ tí kò ṣe ìrìbọmi lẹ́gbẹ́, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣe ìwádìí.

Beverly Lewis ni ó ṣí ọjà náà sílẹ̀ pẹ̀lú The Shunning, tí ó jáde ní 1997. Lancaster County ní Pennsylvania ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀: Katie Lapp ń múra láti fẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó wá rí aṣọ ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n fi sátìnì rán ní àjà ilé wọn, aṣọ tí obìnrin Amish kankan kò jẹ́ wọ̀ fún ọmọ. Lewis kì í ṣe Amish, ṣùgbọ́n ìyá àgbà rẹ̀ fi ìjọ Mennonite àtijọ́ (ìjọ Kristẹni tó bá ti àwọn Amish tan) sílẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì ni ó ru ọkàn òǹkọ̀wé náà sókè. Kò sí ẹni tó ṣe àpèjúwe ìdákẹ́jẹ́ inú ilé tí wọ́n ti yọ ọmọ lẹ́gbẹ́ bí i tirẹ̀. Àléébù méjì ni mo rí. Ìtàn náà kò parí sínú ìwé kìíní, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ra The Confession àti The Reckoning mọ́ ọn. Èkejì ni pé, lójú tèmi, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹni tó bá jáde nìkan ló rí Ọlọ́run, èyí tí kò tọ́ sí àwọn tó dúró.

Orúkọ Lapp tún wà nínú When the Heart Cries ti Cindy Woodsmall, tí ó jáde ní 2006, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ẹbí ni wọ́n. Orúkọ náà pọ̀ láàárín àwọn Amish. Hannah Lapp fi ìkọ̀kọ̀ gbà láti fẹ́ Paul Waddell, ọmọ Mennonite, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan fipá bá a lò pọ̀ lójú ọ̀nà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, àṣírí méjèèjì sì di ẹrù lórí rẹ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwé yìí ló le jù láti kà. Ẹ má ṣe rà á fún ọmọ ọdún 13 nítorí pé àwòrán iwájú rẹ̀ tutù.

Linda Byler yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé Amish ni òun fúnra rẹ̀. Lizzie Glick, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú Running Around (and Such), kórìíra iṣẹ́ ilé, ó fẹ́ràn kí ẹṣin sáré, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ kí ó tó ronú. Ìfẹ́ kò yára níhìn-ín. Ìjọ kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹwà àfiṣòwò. Ilé tí wọ́n ń gbé ni, pẹ̀lú ariwo àti ẹ̀rín rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá àṣírí tó ń já láti orí dé orí yóò sùn. Èmi kò sùn. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú ọ̀wọ́ náà wà nínú ìdìpọ̀ kan, ìdìpọ̀ yẹn ni kí ẹ rà.

Ti Love Inspired, ẹ̀ka kan lára ilé ìtẹ̀wé Harlequin, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé kéékèèké ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò sí ọ̀rọ̀ ibùsùn nínú wọn, ìfẹ́ sì máa ń yọrí sí rere. Ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹni inú ìtàn wọn kì í pọ̀. Wọ́n dára fún ìrìn àjò.

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá tó ń retí alága ìdúró àti alága ìjókòó, yóò yà á lẹ́nu. Ní Lancaster, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́ ara wọn sọ́nà látijọ́, títí wọn yóò fi kéde rẹ̀ nínú ìjọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìkórè, ni ìgbéyàwó sì máa ń bọ́ sí. Bí ẹbí ṣe ń mọ̀ láìsọ pé àwọ́n mọ̀ wà lára adùn àwọn ìtàn yìí, pàápàá ti Byler.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí bébà àti fóònù. Àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí máa ń fi Pennsylvania Dutch, èdè Jámánì tí àwọn Amish ń sọ nílé, há inú ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ìwé sì to ìtumọ̀ wọn sí ẹ̀yìn. Lórí fóònù, lílọ sẹ́yìn kí a tó padà síbi tí a kà dé ń sú ni, nítorí náà bébà ni mo máa ń rà fún Woodsmall àti Lewis, mo sì ń ka Love Inspired lórí fóònù.