Asterisk lórí láìnì ISDN: ojú tèmi rí i láàárín London àti Manchester

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tá a ti ń fi Asterisk, sọ́fíwia tó ń darí ìpè fóònù lórí kọ̀ǹpútà, so fóònù ọ́fíìsì wa ní London pọ̀ mọ́ ti Manchester, ISDN, ìyẹn láìnì fóònù oní-dígítà, la gbé e lé. Ẹrù tó ń lọ Èkó là ń kó, ẹ sì mọ àwọn kọ́sítọ́mà wa, àràárọ̀ ni wọ́n ń pè, "ẹrù mi dà?"

ISDN30 ló wà ní London, ìpè 30 lè wà lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Manchester kéré, ISDN2 la gbà fún wọn, ìpè méjì péré. Tí mo bá ti tẹ 7 ṣáájú nọ́ńbà tábìlì ẹnì kan, Asterisk ti mọ̀ pé Manchester ni, á yọ 7 kúrò, á fi nọ́ńbà láìnì tọ̀hún sí i, kí n tó mí ó ti ń dún lọ́dọ̀ wọn. Ohùn yẹn mọ́ o, mo máa ń gbọ́ ṣíbí nínú ife tíì ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n oṣù àkọ́kọ́, ẹ má bi mí. Ṣe ló ń dún kọ́, kọ́, kọ́ létí wa, fáàsì á tẹ ìdajì ìwé, á kú. Ẹni tó ta káàdì tó so kọ̀ǹpútà wa mọ́ láìnì fún wa ní láìnì ni ò da, àwọn onílàìnì ní káàdì ni. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo bá ṣí system.conf, fáìlì tí ètò káàdì yẹn wà, mo rí span=1,0,0. Òdo àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀daràn! Káàdì ò tẹ̀lé aago láìnì, tara ẹ̀ ló ń bá lọ. Mo sọ ọ́ di 1, mo tún un tàn, ariwo pa rọ́rọ́.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ká taari ìpè. Kọ́sítọ́mà pe Manchester, wọ́n ní London ló mọ̀ ọ́n, wọ́n gbé e fún wa, ìpè kan ṣoṣo o, àmọ́ ó ti gba ojú ọ̀nà méjèèjì, ọ̀kan tó bá wọlé, ọ̀kan tó bá jáde. Títí màmá yẹn á fi sọ̀rọ̀ fíríjì ẹ̀ tán, Manchester ti di odi nìyẹn. ISDN2 kejì tá a gbà ló yọ wá.

Asterisk, 4 nínú 5, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń gbọ́ràn. ISDN2 fún bránṣì, 2 nínú 5 péré. Ẹ má sì lọ ra káàdì ISDN ní UK báyìí o, láti September 2023 ni BT, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ibẹ̀, ò ti ta láìnì tuntun mọ́, 31 January 2027 ni wọ́n sì fi pa gbogbo ẹ̀ sí. Àwa náà ti ń kó lọ sórí SIP, ìpè tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, Asterisk yẹn náà ni, 7 yẹn náà la ṣì ń tẹ̀.