Àgbéyẹ̀wò: Bí mo ṣe gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé fún ilẹ̀ etí odò ní Ilé-Ifẹ̀

Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2022 ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ra ilẹ̀ kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rọra dà gẹ̀rẹ́ sí odò kékeré kan. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ náà gbẹ, ó sì le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó ta wá lólobó wà níwájú wa lọ́jọ́ náà: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tutù yọ̀yọ̀ lórí ebè ní àsìkò tí gbogbo ewé àdúgbò ti rọ, kókò sì yí ibẹ̀ ká. Àkùrọ̀ ni wọ́n tà fún wa, àwa sì rò pé ilẹ̀ ọlọ́ràá ni. Bí ilé wa kò ṣe sí nínú omi lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé ni mo ti rí i, iṣẹ́ wọn ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò níbí, ibi tí ó dùn àti ibi tí ó korò.

Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1992, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Òfin 88, ni ó sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàárín Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àkóso ètò ìlú wà. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn àbúrò mi tí ó kọ́lé sí Ìkòròdú kò fi bá tèmi mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìlànà Ọ̀ṣun ni kí ó béèrè. Ọ̀pọ̀ wa tún rò pé ẹni tí ó bá ti gba C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, èyí tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi sí ìkáwọ́ gómìnà, ti parí ohun gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé yẹn ń sọ ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe àṣẹ láti kọ́lé sórí rẹ̀.

Ní ọ́fíìsì tí ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé, wọ́n gba sọ́fè, ìyẹn àwòrán tí ó fi ààlà ilẹ̀ hàn, tí awọnlẹ̀ tí ó forúkọ sílẹ̀ fọwọ́ sí lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ìwé tí a fi ra ilẹ̀, ìwé owó-orí ọdún mẹ́ta, àti àwòrán ilé tí ayàwòrán-ilé lu òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́. Níbi àwòrán yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ó jẹ oṣù méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tí ó ní òun mọ gbogbo àwọn tí ó wà ní ọ́fíìsì náà gba owó lọ́wọ́ wa, ó sì mú àwòrán kan wá tí ó hàn gbangba pé ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n rí i ni wọ́n dá a padà, nítorí pé odò kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ibi tí ó yẹ kí odò wà, "ilẹ̀ aládùúgbò" ni ó kọ síbẹ̀. A kò rí owó náà gbà títí di òní.

Àbẹ̀wò sí orí ilẹ̀ ni ó yí èrò mi padà. Oṣù Òkúdù ni wọ́n wá, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, ọmọbìnrin kan tí n kò rò pé ó tíì pé ọgbọ̀n ọdún pẹ̀lú ọkùnrin kan tí ó mú téèpù lọ́wọ́. Èrò mi ni pé wọn yóò dúró sórí títì, wọn yóò wo ilẹ̀ lókèèrè, wọn yóò sì béèrè owó omi tútù. Ọmọbìnrin náà wọ bàtà òjò, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò. Kò béèrè ibi tí omi ń dé lọ́wọ́ mi. Ó lọ bá ìyá tí ó ń ro ẹ̀fọ́ lórí ilẹ̀ kejì, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Nígbà tí òjò Ọ̀wàrà bá le, ibo ni omi máa ń bá yín dé?" Ìyá náà fi ọkọ́ tọ́ka sí igi ọ̀pẹ kan. "Ó ti bo ìdí ọ̀pẹ yẹn rí. Lọ́dún náà, n kò rí ewédú kankan já." Nínú àwòrán wa, àárín pálọ̀ ni igi ọ̀pẹ yẹn wà.

Wọ́n tún wọn ìlà ẹrẹ̀ tí ó gbẹ mọ́ ògiri ilé kan lápá ọ̀tún, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà wá sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ilé yín kò burú, ibi tí ẹ gbé e sí ni mo ń bá yín sọ." Lórí ilẹ̀ tiwa, mítà 15 ni wọ́n ní kí a fi sílẹ̀ láti etí odò, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú iye yìí lọ sí orí ilẹ̀ tirẹ̀, nítorí odò kò tóbi bákan náà. Wọ́n ní kí a gbé sọkawé, kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń rì sí, wá sí iwájú ilé, nítorí pé bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá gòkè nígbà òjò, èyí tí ó bá wà lẹ́bàá odò yóò kún, yóò sì tú ìdọ̀tí rẹ̀ sínú odò tí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ń lò. Wọ́n ní kí ìpìlẹ̀, dé ibi tí àwọn bíríkìlà ń pè ní DPC, ìpele tí ó ń dí ọ̀rinrin ilẹ̀ lọ́nà kí ó má bàa gun ògiri, fi kóòsì búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ga ju ìlà ẹrẹ̀ tí wọ́n wọ̀n lọ. Fẹ́ǹsì kò gbọ́dọ̀ kọjá sí ojú ọ̀nà omi, a kò sì gbọdọ̀ gé ọparun etí odò, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ni ó ń di ilẹ̀ mú.

Báyìí ni ilé ilẹ̀ oníyàrá márùn-ún ṣe di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré oníyàrá mẹ́ta, tí a sì tún ní láti sanwó fún àwòrán ẹnjiníà tí ó fi bí irin àti kọnkéré yóò ṣe jókòó lórí ilẹ̀ rírọ̀ hàn. Bàbá àwọn ọmọ ní ọmọ ni odò Ẹsìnmìrìn gbà lọ́wọ́ Mọ́remí, yàrá méjì péré ni odò tiwa gbà. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni mí ní Ìbàdàn nígbà tí odò Ògùnpá kún ní ọdún 1980, n kò sì gbàgbé.

Ọ̀ràn owó kò mú ariwo wá. Bí ilé ṣe tóbi tó àti ohun tí a fẹ́ lò ó fún ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, báńkì ni a san án sí, a sì gba rìsíìtì. Ìwé síṣe ni ó rẹ̀ mí. Bí ohun mẹ́rin bá kù nínú fáìlì, wọn kò ní sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ yóò mú ọ̀kan wá lónìí, wọn yóò sì rántí èkejì lọ́sẹ̀ méjì sí i. Nígbà kan, inú fáìlì ẹlòmíràn ni a ti rí ìwé owó-orí mi. Oṣù Ẹrẹ́nà ni a kó ìwé wọlé, oṣù Ọ̀wàrà ni mo gbà á. Lọ́jọ́ náà, tẹlifíṣọ̀n tí ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wọn ń fi Lọ́kọ́ja hàn, níbi tí omi ti bo ọ̀nà márosẹ̀, gbogbo wa tí a dúró lórí ìlà sì dákẹ́. Ọdún méjì ni wọ́n fún wa láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó tún ìwé náà ṣe.

A wọlé ní ọdún 2024. Lẹ́ẹ̀kan, omi dé ìdí ọ̀pẹ náà ní òru, ó sì fà padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò kan ìpìlẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu pé ó tètè dé tó bẹ́ẹ̀, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì ní bí omi ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyí. Mo rìn lọ sí òkè lọ́jọ́ kejì, mo sì rí ìdí rẹ̀: ìńtálọ́kì bo àgbàlá gbogbo, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, kò sí ibi tí òjò lè rì sí, gọ́tà òpópónà náà sì dáwọ́ dúró sí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì wa láìsí kọ́fátì tí yóò gbé omi kọjá. Ìwé àṣẹ mi yẹ ilẹ̀ mi wò fínnífínní, kò wo òkè rárá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún wa ní ìwé náà, ẹnikẹ́ni kò padà wá wò ó bóyá a ṣe ohun tí wọ́n sọ. A ṣe é. Ẹnì kan ní ìsàlẹ̀ wa, tí kò gba ìwé kankan, ti fi fẹ́ǹsì di ìdajì ojú odò, kò sì sí àmì ọ̀dà pupa kankan, èyí tí wọ́n fi ń dá ilé tí kò gba àṣẹ dúró, lára ògiri rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bí mo bá ní láti fún wọn ní máàkì, mo fún àbẹ̀wò wọn ní 9 nínú 10, mo fún bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé ní 4, n kò sì mọ̀ pé àbójútó lẹ́yìn ìwé tọ́ sí ju 1 lọ. Síbẹ̀, mo máa ń sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní ìhà wa pé kí ó lọ bẹ ọ́fíìsì náà kí ó tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì lọ wo ilẹ̀ náà ní oṣù Ọ̀wàrà. Bàbá àwọn ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù méjì ní iwájú ilé báyìí. Mo ti kó ẹ̀dà sọ́fè wa sínú báàgì, ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ béèrè bóyá ibi tí sọkawé wà yóò gbà á.