Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọmọ mi fi kẹ́kọ̀ọ́ nínú igbó

Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́jọ. Ó ní ọ́tísìmù, ọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ariwo kíláàsì bá sì ti pọ̀, abẹ́ tábìlì ló ń sá sí. Nígbà tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbí ní Scotland sọ pé òun àti ọmọ márùn-ún mìíràn yóò máa kẹ́kọ̀ọ́ nínú igbó ní àràárọ̀ Ọjọ́bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àyà mi já. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa tẹ̀ lé wọn; wọ́n gbà.

Kí wọ́n tó dé igbó rárá ni wọ́n ti ṣe ohun tó kọ́kọ́ wú mi lórí. Wọ́n fi káàdì alàwòrán ránṣẹ́ sílé: bọ́ọ̀sì, géètì, igi ńlá kan, iná, ìpápánu, bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe tò ó náà ni wọ́n ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ mi ń gbé káàdì wọ̀nyẹn sùn.

Lọ́jọ́ kìíní, kò jìnnà sí géètì. Ìtì igi birch kan ti wó síbẹ̀, èèpo rẹ̀ funfun, ó ń bó bíi bébà. Ó jókòó tì í, ó ń bó o fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ẹnikẹ́ni ò fà á lọ́wọ́. Obìnrin tó ń darí wọn wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà ń bó èèpo, kò sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni èèpo yẹn wúlò. Òróró inú rẹ̀ ń jẹ́ kó gbaná bó tilẹ̀ rin, ọmọ mi ló sì mọ ibi tó pọ̀ sí, ló bá di ẹni tó ń wá ohun ìdáná fún gbogbo wọn. Wọ́n fi ìtì igi yí ojú iná ká. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ọmọ kan fẹ́ sáré gba ibẹ̀, ọmọ mi di aṣọ òjò rẹ̀ mú, ó ní, "Stop!" Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé òun ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ kó ròkè tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìṣirò náà ò gbẹ́yìn: wọ́n fi okùn wọn ìdí igi, wọ́n to ọ̀pá láti èyí tó kúrú jù dé èyí tó gùn jù.

Àmọ́ àléébù wà. Kẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò lè rìn rì sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, torí ọ̀nà tó dára kò dé ibi iná. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iná wá sí etí ọ̀nà. Ó dùn mí, nítorí òfin Scotland ti ọdún 2004 ti ní kí a ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kó dìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá rì. Ẹnikẹ́ni ò sì kìlọ̀ eégbọn fún wa. Mo rí ọ̀kan lẹ́yìn orúnkún ọmọ mi nígbà tí mo ń wẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ eégbọn ibí lè kó àrùn Lyme ranni. Ẹ máa yẹ abíyá, ẹ̀yìn orúnkún àti ìdí irun wọn wò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo fẹ́ kó tún lọ. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè káàdì ìparí láti ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ọmọ lè máa ka iye ọ̀sẹ̀ tó kù. Wọn ò fún wa. Ní Ọjọ́bọ̀ keje, ó ti wọ bàtà òjò rẹ̀, ó mú káàdì bọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.