CM-2: prósẹ́sọ̀ 65,536, àṣẹ kan ṣoṣo

Àpótí dúdú ńlá tí iná pupa wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi mọ kọ̀ǹpútà Connection Machine CM-2, tí ilé-iṣẹ́ Thinking Machines gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1987. Ẹ fi iná sílẹ̀, inú àpótí lọ̀rọ̀ wà.

Prósẹ́sọ̀ (ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò) 65,536 ló wà níbẹ̀, àṣẹ kan náà sì ni gbogbo wọn jọ ń tẹ̀lé. Bíìtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 0 tàbí 1, ni prósẹ́sọ̀ kan ń ṣírò. Bó bá fẹ́ ro nọ́ńbà oníbíìtì 32 méjì pọ̀, á máa kà á ní bíìtì-bíìtì bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Ohun tó kó o yọ ni pé gbogbo wọn jọ ń kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Fún nọ́ńbà oní-désímà, prósẹ́sọ̀ 32 ló ń pín ṣíìpù Weitek kan lò. CM-1 tó ṣáájú kò ní irú rẹ̀ rárá.

Ibi tó ti ń dùn wá ni "bó bá rí báyìí, ṣe tibí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe tọ̀hún". Nítorí pé àṣẹ kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà méjèèjì ni ẹ̀rọ máa tọ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Bó bá jẹ́ prósẹ́sọ̀ mẹ́ta péré ni tibí kàn, 65,533 yòókù á káwọ́ gbera títí wọn yóò fi parí. Ohunkóhun tó bá pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀, ẹ yọ ọ́ síta, kí ohun tó kù sínú lè kúrú.

Ẹ ṣírò mẹ́mórì kí ẹ tó kọ ìlà ètò kan. Prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ní báìtì 8,192. Bí dátà yín bá jẹ́ ojú (àmì kọ̀ọ̀kan tí ẹ pín ohun tí ẹ ń ṣírò sí) 1,048,576, prósẹ́sọ̀ kan á gbé 16, ojú kan á sì ní báìtì 512: nọ́ńbà oníbáìtì 8 mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ojú kan bá ń bá aládùúgbò rẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀, kò sí wàhálà. Bí iṣẹ́ bá ń fọ́n káàkiri tí ọ̀pọ̀ sì forí lé ibì kan, gosílóò dé nìyẹn. Ìṣirò epo rọ̀bì abẹ́ ilẹ̀ bá CM-2 mu gan-an, torí aládùúgbò ni ojú kọ̀ọ̀kan ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òun ni Philip Emeagwali, tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, fi gba ẹ̀bùn Gordon Bell, ti ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà alágbára, ní 1989.

Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà yìí ní 1991: nínú CM-5, prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ka àṣẹ tirẹ̀.