Jammu Africa ti Ismaël Lô: èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, èyí tí ẹ lè fò

Bó bá jẹ́ àwo kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fi mọ Ismaël Lô, olórin ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, Jammu Africa tó jáde ní 1996 ni kí ẹ rà. Àkójọ ni o: ọ̀pọ̀ orin inú ẹ̀ ti wà nínú àwo tó fi orúkọ ara ẹ̀ pè ní 1990, àti nínú Iso ti 1994. Ẹni tó bá ti ní méjèèjì, kó fi owó ẹ̀ ra nǹkan mìíràn.

Tajabone ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Gìtá, dùùrù ẹnu (harmonica) àti ohùn ọkùnrin kan ló gbé orin yẹn dúró. Ó fi irin kọ́ dùùrù ẹnu sọ́rùn kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè fún gìtá. Ẹnu tó ń fọn nǹkan kò lè máa kọrin, nítorí náà bó bá kọ ìlà kan tán, dùùrù á dá a lóhùn: òun ló ń lé, òun náà ló ń gbè. Ẹ̀yin tó fẹ́ kọ́ ọ, ẹ kíyè sí i pé dùùrù ẹnu oníhò mẹ́wàá ní ohùn tí wọ́n ṣe é mọ́. Bí ẹ bá fi irin há okùn gìtá lọ́rùn kí orin lè gòkè bá ọ̀fun yín mu, dùùrù kò ní bá a gòkè. Àfi kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń ba orin jẹ́, wọ́n á wá ní gìtá ni kò dáa.

Ọ̀rọ̀ orin náà kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó lọ ilé kéú. Alẹ́ Tamkharit ló ń sọ, ìyẹn Àṣúrà tiwa. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n ní màláíkà tí wọ́n ń pè ní Abdou Jambar á sọ̀kalẹ̀ wá bi èèyàn bóyá ó kírun, bóyá ó gbààwẹ̀. Àwọn ọmọdékùnrin á wọṣọ obìnrin, wọ́n á máa kọrin láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á máa tọrọ ìrẹsì, jéró àti owó. Látìgbà tí Pedro Almodóvar ti fi orin yìí sínú fíìmù ẹ̀ ní 1999, àwọn òyìnbó tó ń fi í sunkún pọ̀, wọn ò mọ̀ pé orin ọdún ni.

Dibi Dibi Rek ni kí ẹ fi tẹ̀lé e. Without Blame, tí òun àti Marianne Faithfull, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jọ kọ, ni mo máa ń fò. Kò bá ìyókù ṣe rẹ́gí. Ẹ má sì rò pé gìtá jẹ́jẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin yìí wà nínú ẹgbẹ́ olórin Super Diamono láti 1979 títí di 1984, mbalax ṣì wà lára ẹ̀, ìyẹn orin onílù sabar àti tama (tama yìí, ẹ̀dá kànnàngó ni).

Bí ẹ bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ orúkọ méjèèjì. Lô nìkan á gbé Cheikh Lô jáde, olórin mìíràn tí wọ́n bí ní Bobo-Dioulasso, tí àwo ẹ̀ Né La Thiass náà jáde ní 1996. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ẹni tó ti ń fi gìtá kọ orin ní èdè Wolof ti Sẹ̀nẹ̀gà ṣáájú wọn, Seydina Insa Wade ni kó wá, olóògbé 2012. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwo Yoff.