DB Browser for SQLite: bó ṣe wúlò tó fún títọ́jú ìṣirò líìgì OOTP

Ẹni tó bá ń darí líìgì bésìbọ́ọ̀lù lórí Out of the Park Baseball (OOTP), géèmù tí Markus Heinsohn ará Jámánì kọ́kọ́ gbé jáde ní 1999, mọ̀ pé eré gan-an kọ́ ló ń gba agbára. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìyẹn. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni pé kí iye home run (bọ́ọ̀lù tí wọ́n sábà máa ń gbá kọjá odi pápá) tí ẹnì kan gbá ní sáà kẹta ṣì ṣeé rí ní sáà ogún, kó má sì yí padà. Ọdọọdún ni ẹ̀dà tuntun géèmù yìí ń jáde, nítorí náà kò yẹ kí àkọsílẹ̀ líìgì wà nínú géèmù nìkan.

DB Browser for SQLite, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣí àkójọ dátà tí a sì fi ń tún un ṣe, la dámọ̀ràn fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. SQLite, ètò ìtọ́jú dátà tí D. Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo líìgì yóò wà nínú fáìlì kan ṣoṣo tí ẹ lè kó sórí flash. Àwọn tó ń ṣe SQLite ti ṣèlérí pé àwọn á máa tì í lẹ́yìn títí di 2050, Library of Congress ní Amẹ́ríkà sì kà á mọ́ irú fáìlì tó yẹ fún ìpamọ́ dátà. Fún àkójọ tó yẹ kó pẹ́, èyí ṣe pàtàkì ju ẹwà ojú ètò lọ.

OOTP máa ń kó ìṣirò jáde ní CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà ń pín àwọn kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀. Àwọn tó pọn dandan ni players.csv, teams.csv, players_career_batting_stats.csv àti players_career_pitching_stats.csv. Ẹ lọ sí File, Import, Table from CSV file. Ẹ fàmì sí Column names in first line, kí ẹ sì yan UTF-8. Ẹ wo àpẹẹrẹ tó hàn nísàlẹ̀ kí ẹ tó tẹ OK. Bí José bá di JosÃ©, encoding, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà, ni kò bára mu. Ẹnikẹ́ni tó ti rí bí àmì ohùn Yorùbá ṣe ń dà rúdurùdu lórí kọ̀ǹpútà mọ irú ìyà yẹn. Ẹ má sì fi Excel ṣí CSV náà kí ẹ tún un tọ́jú ṣáájú: níbi tí wọ́n bá kọ ìborí àti ìpàdánù ní 10-3, ọjọ́ inú oṣù ni Excel máa sọ ọ́ dà.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni irú kọ́lọ́ọ̀mù. SQLite kì í janpata lórí ohun tó wọlé. Bí kọ́lọ́ọ̀mù hr (home run) bá wọlé gẹ́gẹ́ bíi TEXT (ọ̀rọ̀), tí ẹ sì ní kó to àwọn agbábọ́ọ̀lù láti orí ẹni tó gbá jù, ẹni tó ní 9 yóò jókòó sórí ẹni tó ní 45, torí pé ó ń wò wọ́n bíi lẹ́tà, 9 sì ń bọ̀ lẹ́yìn 4. Ẹ ṣí Modify Table, kí ẹ sọ ọ́ di INTEGER (nọ́ńbà odindi). Níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti fàmì PK (primary key, ohun tí kì í jẹ́ kí ìlà kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì) sí player_id, year, team_id, league_id, level_id, split_id àti stint pa pọ̀. Tábìlì àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù mú lórí pápá gbọ́dọ̀ ní position mọ́ ọn, torí ẹnì kan lè dúró sí ipò méjì lọ́dún kan. Tí kò bá sí PK, CSV tuntun yóò tún gbé àwọn ọdún àtijọ́ wá, ẹni tó gbá home run 30 yóò sì di oní 60. Tí PK bá wà, ẹ yan Ignore row nínú Advanced. Àmọ́ tí ẹ bá kó ìṣirò wọlé láàárín sáà, Replace existing row ni kí ẹ lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà àárín sáà ni yóò dúró síbẹ̀ títí.

Kọ́lọ́ọ̀mù split_id ló ń sọ irú ìṣirò tó wà nínú ìlà kan. 1 ni àpapọ̀. 2 àti 3 ni ìdojúkọ pitcher (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún. 21 ni ti ìdíje ìparí sáà. Ẹni tó bá ro gbogbo ìlà pọ̀ láì kọ WHERE split_id = 1 ti ka nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Iye gidi ni kí ẹ pa mọ́, kì í ṣe ìpín. Ẹni tó ní hit 150 nínú àǹfààní 500 jẹ́ .300, bó bá tún ní 5 nínú 10, .500 nìyẹn. Ẹni tó bá pín méjèèjì sí méjì yóò rí .400, bẹ́ẹ̀ 155 nínú 510 kò ju .304 lọ. Bákan náà, 5.1 nínú inning (ìpele eré tí pitcher ti gbọ́dọ̀ rí out mẹ́ta, ìyẹn kí agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta jáde) kì í ṣe márùn-ún àti ìdá kan nínú mẹ́wàá, inning márùn-ún àti out kan ni, ìyẹn out 16. Mẹ́ta irú rẹ̀ jẹ́ inning 16, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ro 5.1 lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò kọ 15.3. Kọ́lọ́ọ̀mù outs ni kí ẹ máa lò, ERA (ìwọ̀n àmì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ pitcher nínú inning mẹ́sàn-án) yóò sì jẹ́ SUM(er) * 27.0 / SUM(outs). Ẹ má gbàgbé ojúàmì inú 27.0 yẹn. Tí ẹ bá kọ 165/500 lásán, 0 ni SQLite máa dá padà.

Àléébù kan tó burú ni Write Changes. Ètò náà kì í tọ́jú ohunkóhun fúnra rẹ̀ àfi tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì yìí. Tí iná bá lọ kí ẹ tó tẹ Ctrl+S, gbogbo ohun tí ẹ kó wọlé lẹ́yìn ìtọ́jú tó kẹ́yìn ti lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáìlì àtijọ́ kì í bàjẹ́. Kò sì dára fún líìgì tí ọ̀pọ̀ máníjà fẹ́ máa kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ni kó máa kọ ọ́, kó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Ẹ ti ètò náà pa kí ẹ tó jẹ́ kí Google Drive tàbí Dropbox fọwọ́ kan fáìlì yẹn. Lópin sáà, ẹ kọ PRAGMA integrity_check sínú Execute SQL; bó bá dáhùn ní ok, ẹ ṣe ẹ̀dà, kí ẹ sì fi ọdún sáà náà sọ ọ́ lórúkọ.